Hánà Ìyá Àjàyí: Ìtàn tí a kò kà tán lọ́jọ́ kan

  Ìtàn ogun àti ìtàn ọba la sábà máa ń gbé wá síbí. Lónìí, ìtàn ìyá kan la gbé wá, àti ìtàn bí ìwé kan ṣe dé ọwọ́ àwa obìnrin.

Obìnrin bíi mẹ́wàá ni wá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí kì í bá ṣe ọjọ́ ọjà, a máa ń pàdé ní àgbàlá ọ̀kan nínú wa, a ó tẹ́ ẹní, a ó sì ṣí Bíbélì. Kì í ṣe gbogbo wa ló mọ̀wé. Ẹnì kan yóò ka ẹsẹ kan, àwọn yòókù yóò tún un sọ títí yóò fi mọ́ wọn lẹ́nu, lẹ́yìn náà la ó wá bi ara wa pé: kí lo gbọ́ níbẹ̀? Ẹni tó gbọ́ nǹkan á sọ ọ́. Ẹni tí kò gbọ́ nǹkan á ní òun ṣì ń gbọ́.

Lọ́jọ́ kan báyìí, ìtàn Hánà ló kàn, nínú ìwé Sámúẹ́lì kìn-ín-ní. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ẹlikánà ní ìyàwó méjì. Pẹ̀nínà bímọ, Hánà kò bí. Ọdọọdún ni wọ́n ń gòkè lọ sí Ṣílò láti rúbọ, ọdọọdún ni ìyàwó tó bímọ sì ń fi ọ̀rọ̀ gún èkejì lára títí yóò fi sunkún, tí kò ní lè jẹun. Ẹni tó ń kàwé fún wa lọ́jọ́ náà, tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà tó o láàárín wa, ti ń wá ọmọ láti bí ọdún mẹ́wàá. Ìyàwó ilé rẹ̀ ti bí mẹ́rin. Nígbà tó kan ibi tí ọ̀rọ̀ orogún ti wọlé, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó rọra gbé ìwé náà sórí ẹní, ó ní òun fẹ́ lọ bu omi mu. Kò padà wá lọ́jọ́ náà.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìyá tó dàgbà jù láàárín wa ló la ẹnu. Ó ní: “Ẹ pa ìwé náà dé ná. Hánà mìíràn wà tó jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Ẹ jẹ́ n sọ tirẹ̀ fún yín.” Ohun tí ìyá sọ, àti ohun tí a wádìí lẹ́yìn náà, la fẹ́ sọ fún yín.

TA NI ÌYÁ NÁÀ?

Ní 1821, ogun kó ìlú Òṣoògùn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Nínú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ni obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Afala, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àti àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọmọkùnrin náà ò tíì ju ọmọ ọdún bíi mẹ́tàlá lọ. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀, torí ó dojú bolẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Wọ́n fi okùn sí wọn lọ́rùn, wọ́n sì ń fà wọ́n lọ láti ìlú dé ìlú. Wọ́n pín ìyá àti ọmọ. Wọ́n tún ríra fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n tún pín wọn.

Wọ́n fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin, wọ́n tún fi ṣe pàṣípààrọ̀ tábà àti ọtí, títí ó fi dé Èkó, tí wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé ọkọ̀ náà bá lójú òkun, wọ́n sì kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ni Àjàyí ti kàwé. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, wọ́n sì fún un lórúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan: Samuel Crowther. Ó fẹ́ Asano, ọmọbìnrin tí wọ́n gbà kúrò lóko ẹrú bíi tirẹ̀, tí wọ́n wá ń pè ní Susan. Ní 1843, ó di àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1845, ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ní 1846, ó dé Abẹ́òkúta.

Kí ni ìyá rẹ̀ ń ṣe ní gbogbo àsìkò yìí? Oko ẹrú lòun náà wà. Ó bọ́, ó tún bọ́ sọ́wọ́ àwọn ajínigbé, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wá wá owó tí wọ́n fi rà á padà. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ìyá: kí ọmọ máa tu owó jọ láti ra ìyá rẹ̀!

Nígbà tí ìròyìn kàn án pé Àjàyí wà láàyè, pé ó wà ní Abẹ́òkúta, ìyá kò gbà á gbọ́ tán. Ó sáà lọ. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846, tọmọ tìyá fojú kan ara wọn. Ọdún 25 ti kọjá. Àjàyí fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara ìyá òun ń gbọ̀n, pé àwọn méjèèjì kò lè sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń wo ara wọn tí omi ń dà lójú wọn. Ọmọdé tó lọ ti di bàbá tó ní ìyàwó àti ọmọ.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848, Afala wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi fún ní Abẹ́òkúta. Orúkọ tí wọ́n fún un ni Hánà, nítorí pé òun ni ìyá Sámúẹ́lì.

ṢÉ ORÚKỌ NÁÀ YẸ Ẹ́?

Ibí ni àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa, kò sì tíì tán dòní.

Ohun tó kọ́kọ́ yà wá lẹ́nu ni pé ìyá ló ń sọ ọmọ lórúkọ nínú ìwé. Hánà ló bẹ̀bẹ̀ tó fi rí ọmọ, òun ló sì sọ ọ́ ní Sámúẹ́lì, nítorí pé ọwọ́ Olúwa ló ti tọrọ rẹ̀. Àwa Yorùbá ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Kí ni Àbẹ̀bí? Ọmọ tí a bẹ̀ kí a tó bí i ni. Ṣùgbọ́n ní ti Afala, ọmọ ló kọ́kọ́ gba orúkọ lọ́wọ́ àjèjì, lẹ́yìn òkun, níbi tí ìyá kò sí. Orúkọ ọmọ yìí ló wá wá ìyá kàn ní ọdún méjìlélógún lẹ́yìn náà.

Ọ̀kan nínú wa ní orúkọ náà kò yẹ ẹ́. Ó ní: “Hánà mú ọmọ tirẹ̀ lọ sí Ṣílò fúnra rẹ̀. Ó já a lẹ́nu ọmú kó tó mú un lọ. Ó mú màlúù, ó mú ìyẹ̀fun, ó mú wáìnì dání. Ó mọ ilé tí ọmọ ń gbé, ó mọ bàbá àgbàlagbà tó ń tọ́jú rẹ̀. Ta ló bèèrè lọ́wọ́ Afala kí wọ́n tó mú Àjàyí lọ? Ẹni tó fọmọ tọrẹ àti ẹni tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ kó, ṣé ọ̀kan náà ni?”

A kò rí ohun kankan dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ẹlòmíràn wá mú wa lọ sí ibì kan nínú ìtàn náà tí a kì í sábà kà, ní orí kejì. Lẹ́yìn tí Sámúẹ́lì ti ń gbé ní Ṣílò, ọdọọdún ni ìyá rẹ̀ ń dá aṣọ kékeré kan, tí yóò sì mú un lọ fún un nígbà tí wọ́n bá gòkè lọ rúbọ. Ó bèèrè lọ́wọ́ wa pé: “Báwo ló ṣe ń mọ bí aṣọ ọdún yìí yóò ṣe gùn tó? Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń rí ọmọ lọ́dún.” Ìyá ni yóò máa fojú inú wọn ọmọ. Yóò máa wo ọmọ aládùúgbò tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò máa sọ pé bóyá èjìká tèmi náà ti tó báyìí.

Ó ní ohun tó so àwọn ìyá méjèèjì pọ̀ nìyẹn. Ọdún 25 ni Afala fi wọn ọmọ tí kò rí. A dákẹ́. Ìyá àgbà ní òun fara mọ́ ọn, ẹni àkọ́kọ́ ní òun kò fara mọ́ ọn rárá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe tú ká lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ nìkan. Ní Kétu ńkọ́? Ní 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì wọ Kétu lábẹ́ Glele, wọ́n sun ìlú, wọ́n sì kó àwọn ará ibẹ̀ lẹ́rú lọ sí ìhà Àgbómẹ̀. Ìlú tó ní odi, tó ní Akaba Ìdènà, dahoro. Ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Behanzin ni àwọn tó ṣẹ́kù lè padà, tí wọ́n sì tún ìlú tẹ̀ dó ní 1894. Ẹ̀yin ọmọ Kétu, ẹ mọ̀ pé ìyá tó padà wá kò fi bẹ́ẹ̀ rí gbogbo ọmọ rẹ̀ kó padà. Ọ̀pọ̀ Afala ló wà láàárín wa tí Àjàyí tirẹ̀ kò dé mọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

ÌWÉ TÓ DÉ LẸ́YÌN ÌYÁ

Ẹ tún wo nǹkan kan. Ní 1848 tí Afala di Hánà, ìwé Sámúẹ́lì kò tíì sí ní èdè Yorùbá. Ìwé Róòmù, tó jáde ní 1850, ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ nínú ìwé tí Crowther túmọ̀. Lúùkù àti Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì tẹ̀ lé e. Nítorí náà, bí Afala bá gbọ́ ìtàn obìnrin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é, ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́ fún un, bí ìyá àgbà ṣe sọ tirẹ̀ fún wa.

Crowther kò dá iṣẹ́ ìtumọ̀ náà ṣe. Thomas King, tó jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀, bá a ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn míràn, dúdú àti funfun, sì bá wọn dá sí i. Ọ̀nà tó gbà ṣe é ni kí ó máa tẹ́tí sí bí àwọn àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀, kí ó máa ṣọ́ ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ lẹ́nu wọn, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kó má baà sọnù. Ìdí nìyẹn tí obìnrin tí kò mọ̀wé fi lè gbọ́ Bíbélì Yorùbá kó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé òun ni wọ́n ń sọ. Nínú Bíbélì Faransé, “rivale” ni wọ́n pe Pẹ̀nínà. Ọmọ ilé ìwé lè lò ó fún ẹni tí wọ́n jọ ń du ipò kìíní ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n bí o bá pe orogún létí obìnrin Ànàgó, kò nílò àlàyé. Ó ti rí àgbàlá, ó ti rí ìkòkò méjì lórí àdògán méjì, ó ti gbọ́ orin òwe tí wọ́n ń fi ara wọn kọ.

Ní 1884, odindi Bíbélì parí ní èdè Yorùbá. Afala, Hánà ìyá Àjàyí, kú ní 1883.

Àwa ti ìhà ìhín ńkọ́? Crowther fúnra rẹ̀ wá sí Kétu ní 1853, Aláké́tu sì gbà á lálejò. Ṣùgbọ́n ogun kò jẹ́ kí ohun tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ rídìí jókòó. Lẹ́yìn náà ni ààlà dé. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní ilẹ̀ wọn, wọ́n fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi pín ilẹ̀ wa. Kétu bọ́ sápá kan, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ bọ́ sápá kejì.

Ní apá Gẹ̀ẹ́sì, ọmọdé ń fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ABD kó tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní apá tiwa, Faransé ni èdè ilé ìwé láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Bí o bá sọ èdè ìyá rẹ níbẹ̀, ìyà ni. Ibo la ti wá ń ka Yorùbá? Nínú ilé ìjọsìn ni. Bíbélì, ìwé orin àti kátíkísìmù ni ìwé àkàkọ́ ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa. Pàápàá jù lọ àwọn obìnrin, tí wọn kò rán lọ sí ilé ìwé nígbà náà, torí wọ́n ní ilé ọkọ ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Obìnrin tí ìjọba kà sí ẹni tí kò mọ̀wé lè jókòó ní Pọbẹ̀ tàbí Ṣakété kó ka orí mẹ́ta láìsinmi.

Nígbà tó di 1975, ìjọba Benin ṣe álífábẹ́ẹ̀tì kan fún gbogbo èdè ilẹ̀ wa, wọ́n sì ń kọ́ àwọn àgbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ó dára gan-an ni, àmọ́ ó mú ìdààmú díẹ̀ bá àwọn ìyá. Ẹni tó ti mọ “ọ” olójúàmì nínú Bíbélì wá bá “ɔ” pàdé ní kíláàsì. Ẹni tó mọ “pẹ̀lú” wá rí “kpɛ̀lú”. Ọ̀kan nínú wa máa ń sọ pé àwọn ìbejì ni wọ́n: aṣọ wọn ló yàtọ̀, ohùn wọn ò yàtọ̀.

SÁMÚẸ́LÌ TI ÀJÀṢẸ́

Ìtàn Hánà kò dúró lórí ọ̀rọ̀ Crowther. Àjàṣẹ́ tiwa náà ní Sámúẹ́lì tirẹ̀. Ní 1909, wọ́n bí ọmọ kan níbẹ̀ fún bàbá kan tó ń jẹ́ Joseph, tí ọmọ ti kú mọ́ lọ́wọ́. Àwọn ará ìjọ rẹ̀ máa ń sọ ọ́ pé bàbá yìí ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún Ọlọ́run bíi ti Hánà, pé bí òun bá rí ọmọ tó dúró, ti Ọlọ́run ni yóò jẹ́. Orúkọ tí ọmọ náà jẹ́ sọ gbogbo rẹ̀: Sámúẹ́lì, ọmọ tí a tọrọ, àti Bíléwu, tó ń bẹ ọmọ pé bí ilé bá wù ú, kó má lọ. Orúkọ kan láti inú Bíbélì, èkejì láti inú ìrora àwọn òbí àbíkú. Ọmọ náà dúró. Ó di káfíńtà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1947, ó dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Samuel Bilewu Joseph Oshoffa ni. Ó kú ní 1985, ó sì wà ní sàréè rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ, ní òdìkejì ààlà tí wọ́n fà ní 1889.

Ẹ lè wà nínú ìjọ náà, ẹ lè máà sí níbẹ̀, ẹ lè jẹ́ Àgùdà, Mẹ́tọ́díìsì, mùsùlùmí tàbí ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni pé ìtàn obìnrin kan tó sunkún ní Ṣílò ti wọ inú àwọn orúkọ wa, ó sì ti bá orúkọ àbíkú wa jókòó lórí ẹní kan náà.

A KA ÌYÓKÙ

A fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan kí a tó dákẹ́. Nígbà tí arábìnrin wa gbé ìwé sílẹ̀ tó jáde lọ, a kọ́kọ́ rò pé ìyàwó ilé rẹ̀ ló rántí. Ìyá àgbà ló bi wá pé: “Ṣé orogún rẹ̀ nìkan ni Pẹ̀nínà?” Ìgbà náà la rántí. Ẹnì kan nínú wa ti sọ fún un rí níbi ìsọmọlórúkọ pé tirẹ̀ ló kù. Àdúrà ni, ṣùgbọ́n ojú gbogbo èèyàn ló ti ṣe é. Ẹlòmíràn ti bi í léèrè níwájú àwọn ọmọdé bóyá ó gbààwẹ̀ dáadáa. Élì pàápàá, tó jẹ́ àlùfáà, rí obìnrin tó ń gbàdúrà tí ètè rẹ̀ nìkan ń mì, ó ní ó ti mutí yó. Ó kéré tán, Élì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà nígbà tó gbọ́ àlàyé. Àwa ò tíì bèèrè àlàyé kankan.

A lọ sí ilé rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. A kò mú Bíbélì dání. Iṣu la gbé lọ, a bá a gún un, a jẹun, a sì bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí nǹkan. A mọ̀ pé nǹkan wà.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó padà wá. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí ìwé náà sí ibi tó ti dúró, ó kà á kọjá ọ̀rọ̀ orogún, ó kà á dé ibi ẹ̀jẹ́, ó kà á dé ibi aṣọ kékeré. A kò bi í léèrè ohun tó gbọ́ níbẹ̀. Òun ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀: “Mo gbọ́ pé Ẹlikánà fún un ní ìpín tirẹ̀ nídìí oúnjẹ nígbà tí kò tíì bímọ rárá.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ wa obìnrin ní ìwé Yorùbá kíkà ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Méje ni wọ́n. Gbogbo wọn ló ń ka Faransé bí ẹni mumi, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹyọ kan tó lè ka ìlà Yorùbá kan dópin. Ẹ̀rù tó ń bà wá nìyí, ẹ̀yin ará: pé lẹ́yìn tiwa, ìwé tí ọmọ Afala fi ọ̀pọ̀ ọdún túmọ̀ yóò wà nílé, kò sì ní sí ọmọ tí yóò lè kà á sí ìyá rẹ̀ létí.

Ẹ bi àwọn ìyá yín léèrè: ta ló kọ́ wọn ní ìwé Yorùbá kíkà, níbo, àti pẹ̀lú ìwé wo? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà. Bí ẹ bá ní ọmọbìnrin nílé, ẹ fún un ní ojú ìwé kan kó kà á sókè lálẹ́ òní. Bí ó bá kọsẹ̀, ẹ má ṣe bú u.